Ọmọ mi ò jẹun lóde mọ́ látìgbà tó wo Spirited Away, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá_Òkè_Àdó
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ kátúùnù ni mo gbé wá síbí, ó ti fẹ́ di wàhálà nílé mi ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọn ò lọ iléèwé, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣí Spirited Away, kátúùnù àwọn ará Japan kan, fáwọn ọmọ lórí Netflix, mo rí àwòrán ọmọbìnrin kékeré níwájú ẹ̀, mo ní àwọn èyí á jókòó jẹ́ẹ́ kí n lè ráyè gún iyán mi. Ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11, obìnrin jẹ́ 7. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí mo gbọ́ igbe. Kí n tó débẹ̀, ìyá àti bàbá ọmọ inú fíìmù ti di ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń fẹnu tú abọ́ ká, ọmọ mi obìnrin ti ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá wọn àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló wò ó parí, òun sá wọ yàrá.

Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀. Sátidé a lọ òde ìkómọ, wọ́n gbé àmàlà síwájú mi, ọmọ yìí fa ìró mi, ó ní "Mọ̀mí ẹ má jẹ ẹ́, ẹ ò tíì mọ ẹni tó ni ín." Níwájú gbogbo èèyàn! Òun náà ò fẹnu kan nǹkan kan, Fanta tí kì í kọ̀ tẹ́lẹ̀ ó ní òun ò mu.

Ṣé mo ti ba ọmọ jẹ́ ni? Ṣé kí n jẹ́ kó wò ó parí àbí kí n gbàgbé ẹ̀? Bàbá wọn náà ní tiẹ̀ ṣì ń bi mí títí di àárọ̀ yìí pé báwo lọmọ yẹn ṣe mọ̀ nígbẹ̀yìn pé kò sí òbí òun láàrin àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tò síwájú ẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo ya fíìmù.

Wò_ó_Tán
Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá, kò sóhun tó ṣe ọmọ yín. Èmi tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá yẹn kọjú padà tó ti di ẹlẹ́dẹ̀, mo da fóònù mi délẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, PG ni wọ́n kọ sí i lára, ìtúmọ̀ ẹ̀ ni pé kí òbí wà nítòsí, kì í ṣe kí òbí wà nídìí odó 😂 ẹ má bínú sí mi.

Ká sòótọ́, ọmọ ọdún méje lè wò ó, tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tẹ́ ẹ ó ti dì í mú. Ti ẹlẹ́dẹ̀ nìkan kọ́. Ibì kan wà níwájú tí Kaonashi, ẹni dúdú oníbojú funfun yẹn, máa gbé èèyàn mì, táá wú, táá wá máa bì káàkiri ilé. Ibì kan tún wà tí Haku, ọmọkùnrin tó ń ran ọmọ yẹn lọ́wọ́, di dírágónì, tí àwọn ẹyẹ bébà lé e tí wọ́n ya á lára, ẹ̀jẹ̀ ń dà, lójú tèmi ìyẹn le ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, ẹ lè pín in sí ọjọ́ méjì. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó sá dé yẹn. Ọmọ tó rí i tí òbí di ẹlẹ́dẹ̀ tí kò rí i tí wọ́n padà di èèyàn, nínú orí ẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ṣì jẹ́.

Diakonẹ́ẹ̀sì
Ẹ̀yin ìyá ẹ ṣọ́ra. Mo bá àwọn ọmọ ọmọ mi wo díẹ̀ nínú ẹ̀, àjẹ́ ló wà níbẹ̀, àǹjọ̀nú ló wà níbẹ̀, ọmọ kékeré lọ ń bẹ àjẹ́ níṣẹ́. Ọmọ tó kígbe yẹn, ẹ̀mí inú ẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ẹ paá, kẹ́ ẹ gbàdúrà lé e lórí. Mi ò ní sọ jù báyìí lọ.

Ọmọ_Alálọ̀ọ́
Mọ̀mí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o. Ta ló pa á lálọ̀ọ́ fún wa pé Ìjàpá jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, tí ikùn ẹ̀ wá ń wú, tó ń sunkún padà lọ bá babaláwo? Ẹ̀yin ìyá wa náà ni. Alugbinrin! A gbè é, a pàtẹ́wọ́, a lọ sùn. Ẹni tó jẹ ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ tí ara ẹ̀ wá yí padà, kí ló tún yàtọ̀ nínú ti àwọn Japan yìí?

Diakonẹ́ẹ̀sì
Ọ̀tọ̀ ni ti Ìjàpá.

Ọmọ_Alálọ̀ọ́
Báwo ló ṣe jẹ́ ọ̀tọ̀ mà 😂

Ará_Saitama
Ẹ jẹ́ n dá sí i torí ibí ni mo ń gbé. Ohun tí wọ́n ń pè ní kami níbí, kẹ́ ẹ má tètè pè é ní èṣù, kẹ́ ẹ má sì tètè pè é ní Ọlọ́run. Òkè lè ní tiẹ̀, odò lè ní tiẹ̀, igi ńlá kan lẹ́yìnkùlé lè ní tiẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé mílíọ̀nù mẹ́jọ ni wọ́n, kì í ṣe pé ẹnì kan kà wọ́n, wọn ò lóǹkà ni wọ́n fẹ́ sọ. Nínú fíìmù yìí, ó ti rẹ gbogbo wọn, wọ́n wá wẹ̀ nílé ìwẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó ń bọ wọ́n níbẹ̀ mọ̀mí, oníbàárà ni wọ́n, wọ́n ń sanwó, wọ́n tiẹ̀ ń ṣe fáàrí bíi oníbàárà ibi gbogbo.

Ilé ìwẹ̀ yẹn náà, ohun gidi ni níbí. Omi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀ ni wọ́n kọ́lé lé, onsen ni wọ́n ń pè é, èèyàn á wẹra ẹ̀ mọ́ ná kó tó wọ inú omi lọ jókòó. Dogo Onsen tó wà ní Matsuyama wà lára àwọn táwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá rí ilé Yubaba, àjẹ́ tó ni ilé ìwẹ̀ inú fíìmù. Ibì kan tún wà ní Koganei, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo, tí wọ́n kó àwọn ilé àtijọ́ jọ sí bíi mùsíọ́mù, kò jìnnà sí ibi tí Studio Ghibli, ilé iṣẹ́ tó ya fíìmù yìí, wà, Miyazaki tó darí ẹ̀ máa ń rìn lọ síbẹ̀ dáadáa, mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tẹ́ ẹ bá rí àwọn àpótí onígi kéékèèké tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tó ń ta ohun ìkọ̀wé níbẹ̀ ẹ ó mọ ibi tí àpótí egbòogi Kamaji, bàbá tó ń dáná omi ilé ìwẹ̀ yẹn, ti wá. Àwọn ará Taiwan ní Jiufen tiwọn ni, wọ́n sì ń fi pe àlejò, àmọ́ Miyazaki fúnra ẹ̀ ní rárá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ìtàn tó ti pẹ́ gan-an ni níbí, ó wà nínú Kojiki, ìwé ìtàn àtijọ́ wọn tí wọ́n kọ lọ́dún 712, pé Izanami, òrìṣà obìnrin kan, kú, ọkọ ẹ̀ lọ wá a lọ́run òkú, ó ní ó ti pẹ́ jù, òun ti jẹ oúnjẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, Chihiro, ọmọbìnrin inú fíìmù yẹn, náà jẹ oúnjẹ ibẹ̀! Nígbà tí ara ẹ̀ ń parẹ́, Haku ló fi èso kékeré kan sí i lẹ́nu, pé tí kò bá jẹ nǹkan ibẹ̀ yóò pòórá. Nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ ló burú. Bàbá yẹn ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n má dààmú, òun ní káàdì òun ní owó. Ohun tí màá sọ fún ọmọ yín nìyẹn: òde ìkómọ tẹ́ ẹ lọ, wọ́n pè yín, wọ́n tún fọwọ́ ara wọn gbé e síwájú yín.

Màmá_Òkè_Àdó
Ará Saitama, ẹ kú iṣẹ́! Mo ti ka èyí fún un lẹ́ẹ̀kan báyìí. Ó ní ṣé ẹni tó ní kí wọ́n gbé e wá yẹn ló ni ín lóòótọ́. Ọmọ yìí á ṣe lọ́yà.

Subtitle_Nìkan
Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì wò ó o. Ohùn Japan ni kẹ́ ẹ fi wò ó, kẹ́ ẹ máa ka ìsàlẹ̀. Wọ́n bà á jẹ́ nínú ti Gẹ̀ẹ́sì.

Wò_ó_Tán
Ọ̀gá, ọmọ ọdún méje 😩 Báwo ló ṣe fẹ́ máa ka ìsàlẹ̀ kó tún máa wo òkè, kó tún máa bẹ̀rù? Dub, ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí Disney ṣe lọ́dún 2002 yẹn, Kirk Wise tó wà lára àwọn tó darí Beauty and the Beast ló bójú tó o, kò burú rárá. Mo gbà pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ níbi tó yẹ kó dákẹ́. Ní ìparí ẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n fi í sí bàbá lẹ́nu pé ilé tuntun iléèwé tuntun lè dẹ́rù bani, ọmọ wá dáhùn pé òun á lè ṣe é. Kò sí ìyẹn nínú ti Japan, wọ́n kàn wakọ̀ lọ ni. Màmá, ọmọ kékeré ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì wò ó fún un, ọmọ 11 lè fi Japan wò ó, ọ̀rọ̀ tán.

Subtitle_Nìkan
Kò tíì tán o, àmọ́ mo gbọ́.

Ayálégbé_Manchester
Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, èmi orúkọ ló pa mí lẹ́kún. Ọdún kejì tí mo dé bí ni mo wò ó, òru ni, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, mo kàn fẹ́ nǹkan tí ó máa sọ̀rọ̀ nínú ilé kí ilé má dákẹ́ jù. Ó dé ibi tí ọmọ yẹn lọ bẹ Yubaba níṣẹ́, ó fọwọ́ sí ìwé, obìnrin yẹn na ọwọ́ sórí bébà, àwọn lẹ́tà orúkọ ọmọ dìde lórí bébà bí eṣinṣin, wọ́n fò wọ inú ọwọ́ ẹ̀, ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù. Láti òní lọ Sen ni ẹ. Mo dá a dúró. Mi ò lè wò ó lọ.

Ìdí ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbi iṣẹ́, ọ̀gá kan wo orúkọ mi tó jẹ́ lẹ́tà 14, ó ní ó gùn jù kò lè wọ inú káàdì tá à ń so kọ́rùn, ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí i. Kò ṣe é tìkàtìkà o, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Bí mo ṣe di lẹ́tà mẹ́ta nìyẹn láti ìgbà yẹn, débi tó jẹ́ pé ìyá mi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó pe orúkọ mi já geere, mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíì ló ń pè. Kẹ́ ẹ tó pa òwe orúkọ tó ń roni, mo ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí fíìmù yìí sọ tí òwe yẹn ò sọ ni pé wọ́n lè gba orúkọ lọ́wọ́ èèyàn pẹ̀lú ìwé iṣẹ́, kí èèyàn tún dúpẹ́ pé òun ríṣẹ́. Haku ti gbàgbé tiẹ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí kò fi lè kúrò lábẹ́ obìnrin yẹn. Sen náà ti fẹ́ máa gbàgbé, àfi ìgbà tó rí káàdì ìdágbére táwọn ọ̀rẹ́ iléèwé ẹ̀ fún un nínú aṣọ ẹ̀, tó ka orúkọ ara ẹ̀ lórí ẹ̀.

Torí pé ó ṣe é gbà padà ni mo ṣe kọ ọ́. Mo ti ní kí wọ́n tún káàdì mi ṣe, wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́, ó wọ̀ ọ́.

Ará_Saitama
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi kan kún un fún yín. Àmì méjì ni wọ́n fi ń kọ Chihiro níbí. Èyí àkọ́kọ́ túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún. Tó bá wà nínú orúkọ yẹn "chi" ni wọ́n ń kà á, tó bá dá dúró "sen" ni. Nítorí náà Yubaba ò tiẹ̀ fún un lórúkọ tuntun, ó kàn gé e kù díẹ̀, ohùn ẹ̀ sì yí padà. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fún yín. Orúkọ fíìmù yẹn gan-an ní Japan ni Sen àti Chihiro, lẹ́yìn ìyẹn kamikakushi, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ tí ọmọ bá sọnù ládùúgbò láìsí ipasẹ̀: àwọn kami ló gbé e pa mọ́.

Ayálégbé_Manchester
Haa.

Ìyálọ́jà_Orí_Fóònù
Èmi ò ní ẹ̀kún kankan, Kaonashi lèmi ń bá lọ, torí mo mọ̀ ọ́n, mo ní oníbàárà bẹ́ẹ̀. Àlejò tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, tó dúró lábẹ́ òjò níta, ọmọ yẹn ṣí ilẹ̀kùn fún un nítorí àánú. Ó wọlé tán ó rí i pé wúrà ni gbogbo wọn ń wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ da wúrà sílẹ̀ bí ẹni tó ń náwó fún olórin lóde, gbogbo ilé ìwẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń sáré gbé oúnjẹ, wọ́n ń kọrin fún un. Ẹ wo ohùn ẹ̀ o, kò ní ohùn tiẹ̀, àfi "ah, ah". Ìgbà tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ òṣìṣẹ́ mì ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ọ̀pọ̀lọ́ sọ̀rọ̀. Sen nìkan ló ní òun ò fẹ́ wúrà, ibẹ̀ ni nǹkan bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wúrà yẹn padà di iyẹ̀pẹ̀ lásán. Tó bá ti jáde kúrò nínú ilé yẹn, ó di jẹ́jẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ Zeniba, ìbejì Yubaba, wọ́n fún un níṣẹ́ òwú, ó jókòó ń rànwú. Ilé yẹn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Màmá, ẹ sọ fún ọmọ yín tẹ́lẹ̀ pé oníbojú yẹn á padà ní ìwà, á lè wò ó.

Wò_ó_Tán
Kaonashi yẹn, kao ni ojú, nashi ni kò sí.

Ìyálọ́jà_Orí_Fóònù
Aláìlójú. Ó bá a mu. Ojú kì í tì í náà.

Màmá_Òkè_Àdó
Ìròyìn o. Lálẹ́ àná a wò ó, gbogbo wa, mo ti sè kí n tó tan án. A bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti sá. Ó di apá mi mú títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Kamaji, ìgbà tó rí àwọn kéékèèké dúdú tí wọ́n ń ru èédú yẹn ó fi mí sílẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ti odò wá pa mí. Àlejò tó ń rùn yẹn, tí gbogbo wọn dimú sí, Sen rí i pé nǹkan kan ló há sí i lára, ó so okùn mọ́ ọn, wọ́n fà á, kẹ̀kẹ́ jáde, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ gbogbo pàǹtírí ayé ló dà jáde. Odò ni! Ọmọ mi ọkùnrin ní "Mọ̀mí, Ògùnpa nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín, mo wá dákẹ́. Wọ́n bí mi lẹ́yìn 1980 àmọ́ bàbá mi kì í kọjá lórí afárá yẹn kó má sọ ti omíyalé ọdún náà.

Ará_Saitama
Ti kẹ̀kẹ́ yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o. Miyazaki bá wọn palẹ̀ odò kan mọ́ ládùúgbò, wọ́n rí kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀, wọ́n fi okùn fà á jáde. Ibẹ̀ ló ti mú un. Haku náà odò ni, Kohaku, wọ́n dí i pa, wọ́n kọ́lé lé e lórí, ìdí nìyẹn tí kò fi rí ilé padà sí.

Tíṣà_Físíìsì
Ẹ jẹ́ ká dá bàbá ọmọ lóhùn, ó ti pẹ́ tó ti ń béèrè. Èmi gbà pé egbòogi tí òrìṣà odò yẹn fún un ni. Ó bù ú jẹ, ó korò, ó fún Haku lára ẹ̀, ó fún Kaonashi lèyí tó kù. Ohun tó bù jẹ yẹn ló la ojú ẹ̀ tó fi mọ̀ pé kò sí wọn láàrin àwọn ẹlẹ́dẹ̀.

Wò_ó_Tán
Fíìmù ò sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan, tíṣà. Miyazaki kì í kọ ìtàn tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, bó ṣe ń yà á ló ń mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ má wá kọ́kọ́rọ́ níbi tí kò sí ilẹ̀kùn.

Ọmọ_Alálọ̀ọ́
Mo ní tèmi. Yubaba ní ọmọ, Boh, ọmọ jọ́jọ́ tó tóbi bí ilé, ó ń kẹ́ ẹ láàrin ìrọ̀rí. Zeniba sọ ọmọ yẹn di eku, ó sì fi àwọn orí mẹ́ta tó ń yí gbirigbiri yẹn ṣe ọmọ sípò ẹ̀. Yubaba ò mọ̀! Eku yẹn wà níwájú ẹ̀ gan-an, ó wò ó, kò mọ̀ pé ọmọ òun ni, àfi ìgbà tí Haku ní kó wo ohun tó ṣọ̀wọ́n sí i dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin kan náà wá to ẹlẹ́dẹ̀ síwájú ọmọ ọlọ́mọ pé kó mú ìyá àti bàbá ẹ̀. Ìyá ò mọ ọmọ ẹ̀ tó di eku, ọmọ mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe òbí òun. Mi ò rò pé egbòogi wà níbẹ̀.

Tíṣà_Físíìsì
Áà. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin o, mi ò so méjèèjì pọ̀ rí.

Màmá_Òkè_Àdó
Mo ti kà á fún bàbá wọn. Ó ní "ehn, ìyẹn ní ìtumọ̀", ó kọjú sí ìròyìn ẹ̀ padà.

Diakonẹ́ẹ̀sì
Ọmọ wá ńkọ́?

Màmá_Òkè_Àdó
Ẹ ṣé mà. Ó sùn dáadáa. Ẹ̀rù ò bà á níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ó bà mí jù ú lọ. Ibi tó ti sunkún ni ibi tí Haku fún Chihiro ní ìrẹsì tí wọ́n di lọ́wọ́, tí ọmọ yẹn ń jẹ tí omijé ńláńlá ń já bọ́, kò sì dẹ́kun jíjẹ. Èmi náà sunkún níbẹ̀ mà, torí látàárọ̀ ọmọ yẹn ti ń sáré kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé o ti jẹun. Ti rélùwéè tó ń gba orí omi kọjá yẹn, mo rò pé á sú wọn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, àwọn èrò tí wọ́n dà bí òjìji, àmọ́ ẹ̀yin mélòó ló lè mú ọmọ 7 àti ọmọ 11 dákẹ́ pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta?

Nígbà tó tán ó ní ká padà sí ibi tí wọ́n ti dé ibi ọkọ̀. Ó fẹ́ wo rọ́bà irun tí Zeniba àti àwọn yòókù rán fún un, bóyá ó ṣì wà lórí ẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó dán yinrin. Ewé àti eruku ti bo ọkọ̀ wọn. Ó ní "tó bá jẹ́ àlá, ta ló wá di irun ẹ̀?" Mi ò dá a lóhùn.

Diakonẹ́ẹ̀sì
Ẹ ṣá gbàdúrà kẹ́ ẹ tó sùn. Níbo ni wọ́n ti ń rí i, tó bá dọ̀la tí àwọn ọmọ ọmọ mi bá dé?

Ọmọ_Alálọ̀ọ́
😂😂😂 Mọ̀mí!!! Netflix mà.

Màmá_Òkè_Àdó
Ìbéèrè ìkẹyìn, wọ́n ti ń béèrè òmíràn. Èwo ni kí n fi lé e?

Wò_ó_Tán
My Neighbor Totoro, ti 1988, kò sí ọ̀tá kankan nínú ẹ̀. Tàbí Ponyo, ọmọ 7 á fẹ́ràn ẹ̀. Kiki's Delivery Service náà dára, ọmọ 13 tó lọ gbé níta láti kọ́ṣẹ́. Princess Mononoke ẹ fi sílẹ̀ títí ọkùnrin yẹn á fi dàgbà sí i, orí àti apá ń fò níbẹ̀.

Subtitle_Nìkan
Grave of the Fireflies. Ọdún kan náà pẹ̀lú Totoro, ilé iṣẹ́ kan náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni.

Wò_ó_Tán
Màmá ẹ má dá a lóhùn. Ogun ni, ebi ni, àwọn ọmọ méjèèjì kú.

Ìyálọ́jà_Orí_Fóònù
Subtitle, ìwọ náà nilò àdúrà.

Màmá_Òkè_Àdó
Totoro ni. Ẹ ṣé gan-an. A ní òde mìíràn Sátidé, ó ti bi mí pé ta ló pè wá.